Omi Tí Mo Pọn Kún Táǹkì Ọkọ Mi

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹrin, 2026

Mo ti ní ọkọ! Mo ní láti kọ ọ́ síbì kan kó má baà já bọ́ lẹ́nu mi níbi iṣẹ́. Èmi Ameenah, ìyàwó Sàláhúdéènì! Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá yìí ni lèmọ́mù so yìgì wa. Bàbá mi fọwọ́ sí i lórí fóònù láti Ìbàdàn, wọ́n sunkún, wọ́n ṣàdúà, ó parí.

Àmọ́ Bàbá ní kí n má tíì sọ fún Àǹtí Túndùn, àbúrò wọn tó wà ní Kettering. Àwọn fúnra wọn ni yóò sọ. Àǹtí ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti fi ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan, apòògùn ní Bowie, pamọ́ dè mí. Wọ́n rò pé èmi àti àwọn ọmọbìnrin ibi iṣẹ́ la jọ háyà ilé ní Landover.

Nínú ìwé yìí, Ìjọba ni mò ń pe Àǹtí. Ọkọ mi — Olómi.

Ọjọ́ Ajé, 13

Inú mi dùn. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo bá Olómi lọ síbi iṣẹ́. Fèrèsé ló ń fọ̀. Táǹkì ńlá wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì funfun rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti omi jáde, rọ́bà gígùn tó ká jọ, ọ̀pá tó nà dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, búrọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀. Eruku òdòdó ti sọ gbogbo fèrèsé àdúgbò di òfeefèé, nítorí náà iṣẹ́ pọ̀. Kò fi ọṣẹ sí i. Kò fi aṣọ nù ún. Ó fọ̀ ọ́, ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ó sì ń dán gbinrin!

Mo bi í pé báwo. Ó ní omi náà ni. Mo ní, ṣé gbogbo omi kọ́ ni omi? Ó fa etí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè. Kò yé mi. Mo ṣáà ń wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ayọ̀ ńlá lónìí — àti ìpayà.

Ní gbogbo òru, omi ẹ̀rọ ilé wa máa ń gba inú àwọn fílítà kan kọjá kó tó bọ́ sínú táǹkì, tín-ín-rín bí òwú. Mo jí fún ìrun Àsùbáà, mo yọjú, táǹkì ò tíì dé ìdajì. Nílé wa, ìyàwó tuntun kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá àmù gbígbẹ nílé ọkọ. Mo yọ rọ́bà tín-ín-rín yẹn, mo gbé rọ́bà ńlá láti ẹnu ẹ̀rọ sí i tààrà. Ó kún, ó ń hó! Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. N kò sọ fún Olómi.

Olómi dé ìdí rẹ̀: “Ha! Omi yá lónìí o. Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ rẹ tutù wọlé yìí.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Ìgbà náà ló ní Kettering lòun ń lọ. Ilé Ìjọba! Lèmọ́mù ló júwe òun fún wọn, òun ò sì lè kọ̀. “Fọkàn balẹ̀, fèrèsé lásán ni mo lọ fọ̀.”

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo tún pọn ọ́n kún. Ó ní Ìjọba fún òun ní ṣinṣín lánàá, wọ́n sì yìn òun. Ṣinṣín Ìjọba! Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn, mélòó ni mo rí jẹ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ìjọba pè mí. Wọn ò kí mi.

“Ameenah, ìwọ wá wo ohun tí ọmọkùnrin kan fi fèrèsé mi ṣe! Bó ṣe gbẹ tán ló fín funfun wínníwínní, bí ẹni wọ́n ẹ̀kọ mímu sí i. Ọ̀la lẹgbẹ́ àsàlátù ń bọ̀ nílé mi! Lèmọ́mù ní olóòótọ́ ni. Olóòótọ́ wo?”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí.”

Oníbàárà àná náà ti pè, ẹjọ́ kan náà. Olómi ti pààrọ̀ èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn fílítà náà, ó ní bóyá agbára rẹ̀ ló tán. Ọwọ́ kan náà, ọ̀pá kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí dojú rú.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Ìjọba ti sọ fún gbogbo àsàlátù pé ẹlẹ́tàn ni. Obìnrin kan ní Seat Pleasant pè: kó má wá mọ́. Obìnrin kejì: kó má wá mọ́.

Olómi ò jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo tètè jí, mo tún bá a pọn omi, kó lè sinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí ó mú mítà kékeré tó fi ń yẹ omi wò jáde kó tó lọ. Ó tì í bọ omi tó ń jáde lẹ́nu fílítà: òdo. Ó tì í bọ táǹkì: nọ́ńbà ńlá. Ó mi orí. Ó wá sí ilé ìdáná, ó tì í bọ omi ẹ̀rọ. Nọ́ńbà táǹkì gan-an.

Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, “Mo bá ẹ pọn ọ́n ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó ṣàlàyé: ẹfun àti iyọ̀ wà nínú omi ẹ̀rọ, ojú ò rí i. Bí omi bá gbẹ, wọ́n á kù sójú fèrèsé. Àwọn fílítà ló ń yọ wọ́n.

Ó ní òun á padà lọ tún un ṣe, òun á sì ní ẹ̀bi òun ni. Mo ní rárá. Ó ní, “Bí o bá sọ, wọ́n á bi ẹ́ pé kí lo ń ṣe nídìí táǹkì ọkùnrin láàárọ̀ kùtù.”

Òótọ́ ni. Bí mo bá dákẹ́, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́. Bí mo bá sọ, àṣírí tú. Kí ni kí n ṣe?

Ọjọ́rú, 22

Mo pe Bàbá. Wọn ò tíì sọ. Bàbá mi ń bẹ̀rù àbúrò wọn! “Lọ sọ fún un fúnra rẹ. Lẹ́yìn náà kí o pè mí. Lẹ́yìn náà o, kì í ṣe ṣáájú.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mo wọ bọ́ọ̀sì Olómi. Èmi ni mo di rọ́bà mú dé ẹnu ọ̀nà Ìjọba. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Olómi, wọ́n tún wò mí.

Mo kúnlẹ̀ sórí koríko. “Àǹtí, èmi ni mo ba omi yẹn jẹ́. Òun kọ́. Mo pọn ọ́n fún un ni. Ọkọ mi ni.”

Olómi dọ̀bálẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì.

“Bàbá rẹ mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀, mà.”

“Lèmọ́mù ńkọ́?”

“Àwọn ló so yìgì, mà.”

“Lèmọ́mù tó jẹ ìrẹsì níwájú mi ní Sunday!”

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Olómi fọ gbogbo fèrèsé. A dúró kó gbẹ — kò sí àmì kankan. Ìjọba jáde, fóònù létí, wọ́n ń bá olórí àsàlátù sọ̀rọ̀: “Ọmọkùnrin yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ló ba omi jẹ́. Má bi mí pé ìyàwó wo!”

Wọ́n yíjú sí wa. Kí n mú ọkọ mi wá, àwọn ènìyàn rẹ̀, lèmọ́mù, kí Bàbá sì wà lórí fóònù. Mo ní, “Àǹtí, kí la fẹ́ ṣe?”

“Ẹ ṣáà dé.”

Ṣé ìnáwó ni, àbí ẹjọ́? Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ká rọ́bà, mo gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé, wọ́n ń bá ẹnì kan nájà àgbò. Méjì, wọ́n ní. Olómi ní ta ní í pa àgbò méjì torí ẹjọ́? Èmi ò mọ̀. Ìjọba ni.

Wọ́n ti dá ọjọ́: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Karùn-ún, kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà. Gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ti dé.