Etí Tó Wà Lábẹ́ Ọpọlọ

Ilé Bámgbóyè,
Ìjan-Èkìtì.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, 2024.

Adédoyin, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ títí dé inú òtútù tí o wà. Ara ńkọ́? Àwọn eku funfun tí o fi ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Èmi le koko, àfi orúnkún tó ń bá mi jà. Ìwé kẹta péré ni mo kà, síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ wá gúnyán kí n rí i.

Ọ̀rọ̀ Ìtùnúolúwa, ìyàwó Ayọ̀túndé àbúrò bàbá rẹ, ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé ọdún kẹfà nìyí tí a ti ń retí ọmọ. Èmi ni mo pàṣẹ ààwẹ̀ fún un. Ọjọ́rú àti Ẹtì ni tẹ́lẹ̀, mo wá sọ ọ́ di ojoojúmọ́, omi àti àgbọn nìkan títí di ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wòlíì Ọláyíwọlá ní, "Màmá, ó tó báyìí." Mo bi í pé ta ló bí Ayọ̀túndé, èmi ni àbí òun? Ọmọ náà sì gbọ́ràn jù. Ó rù títí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ fi bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Nínú oṣù karùn-ún, ó rọra sọ fún mi pé oṣù mẹ́ta rèé tí òun kò ti rí nǹkan oṣù òun. Adédoyin, n kò dúró gbọ́ gbólóhùn kejì! Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí láàárín ìjọ, mo jó dé ẹsẹ̀ pẹpẹ. Ìtùnúolúwa kàn ń wolẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì ní kò sí oyún kankan, ebi ló wà níbẹ̀.

Mo pè ọ́ lórí fóònù pé kí o bá mi bú nọ́ọ̀sì náà. O kọ̀. O ní nǹkan kan tí kò ju erèé lọ so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ, ó ní etí tó fi ń gbọ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán, òun ló sì ń jí ilé ọmọ. O ní, "Ìyá àgbà, ara ti kọ ìwé tí yóò fi ṣe etí yẹn tán, ṣùgbọ́n olùṣọ́ kan jókòó lé ìwé náà, kò jẹ́ kí wọ́n kà á. Ìgbà tí ọ̀rá ara bá ránṣẹ́ pé oúnjẹ wà ni yóò tó dìde." O ní ara eku lẹ ti rí i, pé kí n má tíì fi búra fún èèyàn. Mo ní ebi ni ebi. N kò lè parí oúnjẹ mi lọ́jọ́ náà. Èmi tí mò ń bẹ Ọlọ́run kó ṣí ilé ọmọ, èmi náà ni mò ń fi ebi dí etí.

Ní Sátidé, mo gbé odó àti uṣu mi gun ọ̀kadà dé ilé wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó, nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gúnyán níbẹ̀, n kì í sì í fojú kan ìyẹn. Mo gún un fúnra mi, mo gbé e síwájú Ìtùnúolúwa. Ó ní, "Màmá, ago mẹ́fà kò tíì lù." Mo ní, "Jẹun. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà." Gbólóhùn yẹn ta mí lẹ́nu ju ata lọ. Ó sunkún, ó sì jẹ òkèlè mẹ́rìnlá.

Mo tún padà síwájú ìjọ. Mo ní Ìtùnúolúwa kò purọ́, ẹnu tèmi ló sáré. Mo wá ṣàlàyé etí abẹ́ ọpọlọ fún wọn. Ìyá Ìjọ bi mí pé ẹsẹ Bíbélì wo nìyẹn. Mo ní ó wà nínú Bíbélì àwọn eku.

Kí Ọlọ́run ràn ọ́ lọ́wọ́, kí ojú má tì ọ́ níbi iṣẹ́, kí ilẹ̀ àjèjì sàn ọ́. Jẹun o, Adédoyin. Mo rí àwòrán rẹ, ọrùn rẹ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá rẹ,
Monínúọlá Bámgbóyè.

Mo gbàgbé: àná ni Ìtùnúolúwa pè mí pé nǹkan oṣù òun ti padà. Kì í ṣe oyún, mo mọ̀. Mo ti kọ́gbọ́n, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfi ìwọ, àti Ìyá Ìjọ, àti ọlọ́kadà tí yóò gbé mi lọ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ ní Adó.