Aṣọ Tí Ẹ Fi Bo Sólà

Màámi,

Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara èmi àbíkẹ́yìn yín le bí ọta. Ikọ́ tí ẹ gbọ́ nínú fóònù lọ́jọ́sí, ariwo ẹ̀rọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ẹ máa ń fi aṣọ tí mo rà fún yín bo sólà láàárọ̀, kí oòrùn má baà jẹ́ kó ṣá. Tó bá dalẹ́, ẹ ó ṣí i kí àlejò lè rí i. Ẹ wá ń tan fìtílà, ẹ ní sólà tí mo fi ránṣẹ́ kò ṣiṣẹ́. Màámi! Oòrùn mà ni oúnjẹ rẹ̀. Ta ló ń di ọmọ lẹ́nu, tó tún ń ní kó jẹun?

Èmi tí mò ń to sólà nílé iṣẹ́ níbí ni mò ń sọ fún yín. Wọ́n dí gbogbo fèrèsé ibi iṣẹ́ wa pa nítorí eruku. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí a fi ń wọlé, á sì ti ṣú ká tó jáde. Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá wa wà, ó tutù dáadáa. Ọ̀gá wa ní àwa là ń fi oòrùn ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ ká aṣọ yẹn kúrò, kí ẹ ró o. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Tí ẹ bá sì ti ká aṣọ náà tán, ẹ bá mi kí oòrùn. Ẹ sọ fún un pé ó tọ́jọ́ mẹ́ta.