Ẹni Tó Ní Kí Òpó Tẹlifóònù Rẹ Ohùn Sílẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1957 ni wọ́n bí olóògbé, nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Télọ̀ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń tún rédíò ṣe, ẹni tó bá ní kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, kó máa gbé rédíò rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ. Ìdílé tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ ni.

Màmá parí ilé ìwé girama ní 1975. Ìyókù, orí tábìlì ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ní 1981, wọ́n fẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan. Òun ló sọ wọ́n ní Elétí-Ehoro, torí pé bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ń wúkọ́ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, Màmá á ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ó ṣáájú wọn lọ ní 2012.

Láti 1985, Màmá ló ń tọ́jú àwo ńlá tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì ní ibùdó tí àwọn atukọ̀ ń ké sí bí ewu bá dé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni sátẹ́láìtì tó ń gbé igbe wọn wá ń kọjá lókè, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré lẹ́ẹ̀kan.

Ní 2017, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ri òpó mọ́ ẹ̀yìn ọgbà ibùdó. Àwọn aláṣẹ ní kí òpó àti àwo jọ máa lo ìgbì rédíò kan náà, kí òpó máa rẹ ohùn sílẹ̀ bí sátẹ́láìtì bá ń kọjá. Ó dùn lórí ìwé! Òpó kò rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wúyẹ́wúyẹ́ ni ohùn tó ti òkè ọ̀run bọ̀, ariwo òpó sì ń gbé e mì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, igbe apẹja kan kò dé ibùdó. Omi gbé e lọ. Ọ̀gá ibùdó ní Màmá fi ìjókòó sílẹ̀, ó gbé ìwé wá kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn jẹ̀bi. Màmá ní, “Ọ̀gá, ẹ pa òpó yẹn fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ká jọ tẹ́tí.” Wọ́n pa òpó. Ohùn àwọn atukọ̀ mọ́ gaara bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tó wá pa á fúnra rẹ̀ kígbe: “Ha, Màmá, ariwo wa ni o!”

Ọ̀gá ti ìwé àbájáde náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ní kí Màmá lọ máa ka táyà ní ilé ẹrù. Ṣé ojú ò tiẹ̀ ń tì í ni? Màmá kò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bi yẹn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kọ sí àwọn aláṣẹ. Kò sí èsì.

Olùfọkànsìn ni Màmá, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàdúrà nípa ohun tó yẹ kí ọwọ́ ṣe. Wọ́n kọ́ obìnrin mọ́kànlélógún ní àdúgbò bí a ti ń tún rédíò ṣe.

Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kejì oṣù yìí. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò méjì sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi òdòdó ránṣẹ́ lánàá. Ẹbí ti dá a padà. Ìyàwó apẹja tí omi gbé lọ yẹn ló lọ gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹbí kẹ́dùn, kó mú ìwé inú dúrọ́ọ̀ jáde, kó kà á sókè sí obìnrin náà létí.

Màmá, kí ilẹ̀ fi ẹ̀lẹ̀ gbà yín. Ẹ gbé ẹrù sọ̀, ẹ sinmi. Ẹjọ́ yín ti di ti àwọn ọmọ yín.