Ta Ló Ń Dágbére Nítorí Ìgbafẹ́ Ọ̀sẹ̀ Kan?

Bàbá àwọn ọmọ,

Oúnjẹ yín wà nínú fìríìjì. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ẹ má wulẹ̀ pè mí.

Lẹ́yìn tí ẹ jáde láàárọ̀, mò ń dirun fún àgbà nínú àwọn ọmọ, ó bú sẹ́kún. Mo rò pé mo fà á lórí ni. Ó ní ẹ ní kí òun dágbére fún tíṣà òun, kí òun má sì jẹ́ kí n gbọ́. Ta ló ń dágbére nítorí ìgbafẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ní Yúróòpù? Ara fu mí. Bí mo ṣe mú wọn dé ilé ìwé, mo yà sí ìsọ̀ káfíńtà yín. Kò sí ayùn, kò sí òòlù, tábìlì tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín pàápàá ti lọ. Ẹni tó ra ìsọ̀ náà ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú oríire o, ẹ máa gbádùn ọ̀hún."

Èmi wá jókòó bí ọ̀dẹ̀, mò ń wá òtẹ́ẹ̀lì tí a ti lè ti kẹ̀kẹ́ arọ àbíkẹ́yìn wa wọlé! Ká ní ẹ bi mí pé ṣé ká kó lọ pátápátá ni, bóyá ǹ bá gbà.

Ìwé ìrìnnà gbogbo wa wà nínú báàgì mi. Ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sọ ọ́ lójú mi.

Ìyá mi ṣì ń retí ìbọ̀sẹ̀ tí mo ní màá rà bọ̀ fún wọn. Àbí ẹ ti bá mi dágbére fún àwọn náà?