Àṣìṣe Tí Mo Bá A Tún Ṣe

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le. Ẹ má jẹ́ kó ká yín lára pé ohùn mi há lórí fóònù lánàá, òtútù ló mú mi.

Èdè ibí tí mò ń kọ́ lórí kọ̀ǹpútà ń wọ̀ mí létí. Olùkọ́ wa dá gúrúùpù kan sílẹ̀ níbẹ̀ pé ká máa fi èdè náà bára wa sọ̀rọ̀, ká sì máa bára wa tún àṣìṣe ṣe. Orúkọ ìnagijẹ la ń lò, kójú má baà tì wá. Lọ́sẹ̀ yìí, ó ní ká sọ nípa ẹni tá a fẹ́ràn. Obìnrin kan kọ ọ́ pé olólùfẹ́ òun máa ń súfèé tó bá ń fọ abọ́, pé òwú pupa ló fi di apá jígí ojú rẹ̀ tó kán.

Èmi òpònú! Mo ti tún gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ṣe, mo tiẹ̀ yìn ín, kí n tó rántí pé ẹ̀yin lẹ fi òwú pupa di jígí ọkọ mi lọ́jọ́ tí à ń bọ̀. Olùkọ́ ní àtúnṣe mi ló dáa jù.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ọkọ mi ń kí yín. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé òwú yẹn ò tíì tú.