Àmì Pupa Orí Abẹ

Bàbá mi, Bàbá Ògbufọ̀,

Ẹ kú ìsinmi o. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé sẹ́kọ́ńdìrì ò tíì gbóná lábẹ́ mi tí mo fi sá kúrò níbẹ̀. Orí fóònù ni mo ti ń tẹ èyí, nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mo ti ń fi fíìmù sórí fóònù àwọn èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù ti fẹ̀ sí i. Mo ti kun iwájú ẹ̀. Nínú gbogbo Dutse Alhaji yìí, ẹni tó bá ní òun mọ fíìmù jù mí lọ, kó jáde ká jọ díje.

Ilé tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù náà ṣì wà. Ní Sọ́ńdè tí bọ́ọ̀lù ò bá sí, tí àwọn Yorùbá ará ilé wa bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, fíìmù òótọ́ yín la ṣì ń wò. Àwọn ọmọ olówó Maitama ló ń pè é ní dọkumẹ́ńtárì. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀rẹ̀? Mo ní fíìmù tí ò sí ìbọn, tí ò sí ìfẹ́, ta ló fẹ́ jókòó tì í? Ẹ ní eré ni tàwa, pé ẹni tí wọ́n yìnbọn pa nínú ẹ̀ á padà sílé lọ jẹun. Àmọ́ tí kìnnìún bá mú ẹtu nínú tiyín, ẹtu yẹn ti lọ nìyẹn.

Tí wọ́n bá bi mí báyìí pé èwo ló yẹ kéèyàn wò, tiyín ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, ti àwọn ẹyẹ ilẹ̀ yìnyín yẹn, tí akọ máa ń gbé ẹyin sórí ẹsẹ̀ méjèèjì kó má bàa kan ilẹ̀ tútù. Tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà máa ń kó ẹsẹ̀ jọ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ò ní mira títí ẹyin á fi pa. Tèmi ni ti àwọn erin tó ń fi ọwọ́jà tọ́ egungun òkú wọn wò. Tó bá ti dé ibẹ̀, mo máa ń kọjú sí ògiri bí ẹni ń tún wáyà ṣe, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ti àwọn tó ń so okùn mọ́ra gun àpáta lọ kó oyin náà dáa. Ti àwọn tó ń kọ́ afárá lójú òkun náà dáa, àmọ́ ó gùn, èèyàn lè sùn kó jí bá wọn nídìí òpó kan náà.

Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí mo ń sọ ohun tí Òyìnbó ń sọ nínú ẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè mí ní Ògbufọ̀. Àdúgbò bá gbà á lẹ́nu yín, wọ́n wá ń pe ẹ̀yin náà ní Bàbá Ògbufọ̀, ẹ sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè. Mo rí i bí ẹ ṣe máa ń fa ọrùn ẹ̀wù yín sókè tí wọ́n bá pè yín bẹ́ẹ̀.

Bàbá, mi ò gbọ́ ohun tí Òyìnbó yẹn ń sọ.

Píjìn, mo gbọ́ ọ. Hausa, ẹ bi àwọn màláàmù tó ń gbé fóònù wá sọ́dọ̀ mi, sànnu tèmi le. Àmọ́ ti Òyìnbó tó ń gba imú sọ̀rọ̀ yẹn, orúkọ ẹranko nìkan ni mo ń mú níbẹ̀, ìyókù, àwòrán ni mo fi ń kà á. Tí akọ ẹyẹ yẹn bá dúró ti ẹyin, mo máa ní ìyàwó ẹ̀ ló lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ò padà. Ti erin, mo ní wọ́n ń wò ó bóyá ọmọ agbo ilé wọn ni. Ilé á gba ẹ̀rín. Ta ló kú níbẹ̀?

Ó kù díẹ̀ kí ẹnì kan kú, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé sí yín.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, òjò dé, ejò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápá odò. Mo lọ wá fíìmù òótọ́ kan tó dá lórí ejò. Ó dáa, ẹ̀yin ì bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, wọ́n dé ibi tí ejò ti bu èèyàn jẹ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ hàn, wọ́n fi abẹ hàn, ìlà pupa méjì bá dábùú ara wọn lórí abẹ náà. Mo na igi sí i. Mo ní ẹ ò rí i pé Òyìnbó pàápàá ń sín gbẹ́rẹ́? Mo ní ó ní kí a fi abẹ tuntun sín in bí àgbélébùú, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn, kí oró lè bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Àtẹ́wọ́ sọ. Àgbàlagbà kan ní òun ti ń wí i tipẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa ni wọ́n ti jí i.

Ẹ rántí Ìyá Dúpẹ́, ará Kàbbà, tó ń gbin ẹ̀fọ́ sétí odò, tó máa ń jókòó tì yín lórí bẹ́ǹṣì? Ejò bù ú jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀ níbi tó ti ń já ẹ̀fọ́. Wọ́n ní kò tiẹ̀ sunkún. Ó rán èèyàn lọ ra abẹ tuntun, ó sín àgbélébùú sí i fúnra ẹ̀, bí mo ṣe wí. Ẹ̀jẹ̀ náà bá kọ̀, kò dá. Ìgbà tí wọ́n fi máa pè mí kí n fi máṣìnnì ọ̀kadà gbé e lọ sọ́sípítù, ìró ẹ̀ ti rin gbingbin.

Nọ́ọ̀sì tó gbà á, ọmọ Yorùbá ni, kò jù mí lọ. Ó bínú, ó bèèrè ẹni tó sín nǹkan báyìí síbẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ tó ń gbọ̀n nínú òtútù na ìka sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní fíìmù ló kọ́ àwọn, ọmọ yìí ló túmọ̀ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn wò mí látòkè délẹ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní irú ejò yẹn, oró ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, pé ẹni tó bá gé ibẹ̀, ẹ̀rọ omi ló ṣí yẹn. Ẹ mọ ẹnu mi, mo ní kò tíì ka ìwé tó, mo gbé fóònù síta, mo ní kó wá gbọ́ ọ fúnra ẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó dá a padà, ó tún un gbọ́.

“Bọ̀dá, àmì èèwọ̀ nìyẹn. Ó ní kí ẹ má gé e.”

Bàbá, Abùjá yìí náà ni mo dàgbà sí. Tí àwọn tó ń wó ilé bá fi ọ̀dà pupa kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sára ilé èèyàn, ta ló máa ní ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe fún òun?

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró, Ọlọ́run bá a ṣe é, kò kú. Àmọ́ ojú gbẹ́rẹ́ yẹn kẹ̀, ó sì ń tiro di òní. Kò sì yé e. Ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ tó ya yẹn ló gbé oró jáde, pé abẹ́rẹ́ wọn kàn gbè é lẹ́yìn ni. Ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pè mí jáde lójú gbogbo ìjọ, ó ní ọmọ Bàbá Ògbufọ̀ ló gba òun là. Mo jáde. Mo tiẹ̀ juwọ́ sí wọn. Ojú ń gbà mí tì bí mo ṣe ń juwọ́ náà, ọwọ́ ò sì wálẹ̀.

Látìgbà yẹn, àwọn tó ń roko ń wá gba fíìmù ejò lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan fi abẹ hàn mí nínú àpò oko ẹ̀, abẹ tuntun tí kò tíì já bébà kúrò lára ẹ̀. Oorun ò kùn mí mọ́.

Mo sọ fún wọn ní Sọ́ńdè. Mo dá fíìmù dúró, mo ní kí wọ́n má gé e o, mi ò gbọ́ Òyìnbó, irọ́ ni gbogbo ẹ̀ látọjọ́ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo búra, ẹ̀rín pọ̀ sí i. Ẹnì kan ní kai, Ògbufọ̀ ti tún gbé tuntun dé. Ó mọ́ mi lára kí n máa dẹ́rìn-ín pa wọ́n, ìgbà tí mo wá fẹ́ sọ òótọ́, mi ò mọ ojú tí wọ́n fi ń sọ ọ́.

Ni mo bá lọ sílé Ìyá Dúpẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń ṣa irúgbìn ẹ̀fọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, ó rò pé mo tún fẹ́ ṣeré. Mo dá fíìmù náà dúró lójú àmì yẹn, mo gbé e sí i lójú. Mo ní tí wọ́n bá kọ èyí sára ògiri ilé yín ńkọ́, Mà?

Ó wo fóònù, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Mo fẹ́ kó gbá mi létí, kò gbá mi. Nígbà tó yá, ó ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, òun náà máa dúró níbi ògiri, òun máa tú ẹsẹ̀ yìí hàn wọ́n, ká rí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ bẹ nọ́ọ̀sì yẹn kó wá sọ ohun tó wà nínú fíìmù. Nọ́ọ̀sì ti gbà. Ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ tán, orúkọ yẹn ti kúrò lórí àwa méjèèjì nìyẹn. Ẹ foríjì mí.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ìyá Dúpẹ́ tó pè mí padà.

“Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?”

Mi ò bi ara mi léèrè rí. Ibẹ̀ ni mo wá rántí pé ẹ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Òyìnbó fún ọdún gbọọrọ, ẹ sì máa ń fi èdè ẹ̀ jíṣẹ́ fún un. Mo rántí pé ìgbà míì ẹ máa ń rẹ́rìn-ín kí n tó lanu. Mo rántí ọjọ́ tí mo ní ìyàwó ẹyẹ lọ sípàdé, ẹ nu omijé ẹ̀rín, ẹ ní ẹnu mi dùn ju ti ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lọ.

Mo sọ fún Ìyá Dúpẹ́ pé rárá, ẹ ò mọ̀, ẹ gbà mí gbọ́ ni.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo tàn yín jẹ títí ẹ fi wọlẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó síbẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè, ẹ ń gbọ́ irọ́ ọmọ yín, ẹ sì tún ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Mi ò mọ èyí tó yẹ kó tì mí lójú jù. Èwo ni, Bàbá?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kì í ṣe ògbufọ̀.