Ṣé Ọmọ Ìlú Ni Yín?

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo bi ìyá àgbàlagbà kan ní ìbéèrè kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ wọn, ìbéèrè yẹn ló sì fẹ́ lé wọn kúrò ní Amẹ́ríkà báyìí, ọmọ wọn ń wá ẹni tó bi wọ́n kiri, kò mọ̀ pé èmi tó ń sunkún sí létí lórí fóònù ni... Oorun ti dá lójú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wakọ̀ kọjá exit ibi iṣẹ́ mi, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Bolingbrook kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ bú mi bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago là ń gbé, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Chatham nínú Chicago la ti kó wá síbẹ̀, torí àwọn ọmọ. Ọkọ mi kì í ṣe olóṣèlú o, oògùn ló ń tà ní pharmacy, kì í tiẹ̀ fẹ́ràn ariwo. Àwọn trailer ló sọ ọ́ di olóṣèlú. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ warehouse tuntun ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá yẹn ti ń gba iwájú school àwọn ọmọ wa kọjá, tí òjò bá sì rọ̀ pẹ́nrẹ́n, omi á kún basement gbogbo àdúgbò. Ó lọ sọ̀rọ̀ ní city hall, mayor tó wà níbẹ̀ nígbà náà ń tẹ fóònù títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó padà délé, kò jẹun, ó ní òun máa du ipò yẹn. Mo rò pé inú ló ń bí i, pé tó bá sùn tó jí, á ti gbàgbé. Kò gbàgbé.

A ò lówó, a ò lẹ́nìkan. Orí tábìlì ìjẹun wa ni office, èmi ni campaign manager, èmi náà ni mò ń se jíjẹ fún àwọn volunteer, èmi náà ni mò ń fi òòlù gbá yard sign, pátákó tó ní orúkọ ọkọ mi, wọ ilẹ̀ tó ti di yìnyín. Ọkùnrin tó wà lórí àga yẹn, gbogbo ìlú ló mọ bàbá rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ wá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ kiri pé ta ni ọkọ mi, pé ṣebí àlejò ni, pé níbo gan-an ló ti wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun. Ìdí nìyẹn tó fi wá ọ̀rọ̀ kan fún àwa Yorùbá tá a wà níbẹ̀: Ọmọ ìlú ni wá. A tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn T-shirt, iwájú wá wà ní Gẹ̀ẹ́sì, "We live here". Ní gbogbo meeting wa, ọkọ mi á bèèrè pé kí ni wá, gbogbo ilé á sì dáhùn pé ọmọ ìlú ni wá. Ẹ̀ bá rí bí ara àwọn àgbàlagbà ṣe ń yá gágá tí wọ́n bá ń jẹ́ ẹ. Èèyàn tó ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn láti ọjọ́ yìí, tí kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan, wọ́n wá ní ọmọ ìlú ni.

Èmi ni mo ní kí a lọ bá àwọn ìyá. Ọgbọ́n orí mi ni, mo sì fi yangàn nígbà yẹn. Ẹ mọ̀ pé nínú ilé Yorùbá tó pọ̀ níbí, ìyá kan wà tí wọ́n mú wá láti ilé kó wá bá wọn tọ́jú ọmọ, ọmọ ti dàgbà, ìyá ò padà lọ mọ́. Kò sí olóṣèlú tó kan ilẹ̀kùn torí tiwọn rí. Mo lọ gba training kí n lè máa forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún ìdìbò. Obìnrin tó kọ́ wa ní kí a ka ìbéèrè bó ṣe wà, kí a má fi kún un, kí a má yọ kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ẹnu ọ̀nà àwọn ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé citizen ni yín, torí ẹni tó ti gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni òfin gbà láyè láti dìbò. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ Yorùbá, kí là ń pe citizen? Tẹ́ ẹ bá ń yára, tí òtútù ń gé yín lẹ́sẹ̀, tí ilé tó kù ṣì pọ̀, kí lẹ máa pè é?

Ìyá tí mò ń sọ yìí, Ìyá Àlàájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Rùká ọmọ wọn, ọ̀rẹ́ mi ni, nọ́ọ̀sì lèmi àti ẹ̀, ilé ìwòsàn kan náà la ti jọ bẹ̀rẹ̀. Rùká wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀. Ìyá ti wọ T-shirt wa sórí bùbá. Wọ́n ní kí n wọlé, wọ́n fún mi ní tíì, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọkọ mi. Mo mú bírò, mo ní wọ́n ní kí n bi yín, Màámi, ṣé ọmọ ìlú ni yín? Ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn. Wọ́n nawọ́ sókè bí a ti ń ṣe ní meeting, wọ́n jẹ́ ẹ: "Ọmọ ìlú ni wá!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn mú yes lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà o. Mo ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ìyá ní tí àwọn èèyàn yìí bá fún àwọn ní pásípọ́ọ̀tù wọn lọ́jọ́ kan, London làwọn máa kọ́kọ́ lọ, torí àbúrò àwọn wà níbẹ̀. Etí mi gbọ́ ọ. Ẹni tó ti jẹ́ citizen kì í retí kí wọ́n tó fún òun ní pásípọ́ọ̀tù... Ìwé yẹn wà nínú àpò mi, mo lè yọ ọ́, mo lè fà á ya níbẹ̀, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Fóònù mi dún, ọkọ mi ni, wọ́n tún ti fa yard sign wa tu lójú pópó. Mo sọ fún ara mi pé bóyá pásípọ́ọ̀tù Ìyá ló kàn ti expire. Mo dágbére, mo lọ. Gbogbo ìtàn tó kù ni mo ti sọ fún ọkọ mi, àmọ́ ti ẹnu ọ̀nà yìí, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ìyá dìbò. Wọ́n fún wọn ní sticker tí wọ́n máa ń fún èèyàn yẹn, "I Voted", Ìyá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àpò awò ojú wọn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi wọlé. Èèyàn tó fi ju mayor àtijọ́ lọ ò pọ̀, gbogbo wọn á gba inú yàrá ìgbàlejò wa tí wọ́n bá súnra. A sunkún ayọ̀. Wọ́n ti búra fún un, ó ti jókòó sórí àga, wọ́n ti gbé àmì síwájú school pé trailer ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tó sọ pé òun máa ṣe ló ń ṣe. Ẹ má rò pé olè ni o.

Àsìkò wá tó tí Ìyá fẹ́ gba citizenship. Rùká mú wọn lọ sọ́dọ̀ lawyer kó lè múra wọn sílẹ̀ fún interview. Lawyer gbé nǹkan lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n kà, Ìyá mú awò ojú jáde, obìnrin yẹn rí sticker. Ó bèèrè pé ta ló ni ín. Ìyá yangàn, wọ́n ní àwọn ni, àwọn dìbò fún ọmọ àwọn tó di mayor. Rùká ní ṣe ni lawyer fi bírò sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ó ṣàlàyé pé àwọn ará immigration á bi Ìyá lábẹ́ ìbúra bóyá wọ́n ti dìbò rí, bóyá wọ́n ti sọ rí pé citizen làwọn. Tí Ìyá bá purọ́, ó burú. Tí wọ́n bá sọ òótọ́, wọ́n lè dá wọn padà sílé, kí wọ́n sì má lè wọ ibí mọ́ láéláé. Tí wọ́n bá yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ citizenship náà, orúkọ wọn ṣì wà níbi tí wọ́n ti dìbò, ẹnikẹ́ni lè rí i lọ́jọ́ kan. Lawyer ní ohun kan ló lè ran Ìyá lọ́wọ́, kò sì dá a lójú pé á tó: kí ẹni tó bi wọ́n níbéèrè jáde wá, kó búra, kó sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lò gan-an, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tí Ìyá gbọ́ kọ́ ni ìjọba ń bèèrè.

Rùká pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní èmi ni mo mọ gbogbo volunteer, kí n bá òun wá ẹni náà, torí Ìyá ní àwọn ò rántí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ èpè. Ó ní ẹni tó ṣe èyí fún ìyá òun, ìyá tirẹ̀ náà ò ní fara balẹ̀, ọmọ rẹ̀ á jìnnà sí i lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀ jù. Ó ń retí ohùn mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣe àmín. Ẹnu mi ni mo fi ṣe àmín sí èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún mi, torí tí mi ò bá ṣe é, á mọ̀... Ìyá mi wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún láti ilé báyìí, wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè kí n tó kí ẹni tó pè.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó jókòó, ó fọwọ́ bojú. Ó ní tí mo bá búra, wọ́n á ní kí ni ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, ọ̀rọ̀ náà ló wà lẹ́yìn T-shirt rẹ̀. Ó ní wọ́n á tú gbogbo ìyá tá a forúkọ wọn sílẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á gba àga lọ́wọ́ òun, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti sọ ọ́ pé àlejò ni wá. Ó ní kò sí Yorùbá tí wọ́n tún máa dìbò fún mọ́ níbí títí ayé. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé: "Mi ò ní kí o purọ́. Mo ní kí o dákẹ́." Ṣé ó yàtọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó yàtọ̀? Ọkùnrin tó dáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sì lè wo ojú mi tí a bá ń jẹun.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún Ìyá lọ́jọ́ Sunday. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní Rùká ń da àwọn láàmú pé ta ni, ta ni, àwọn sì ti sọ fún un pé ojú àwọn ti ń ṣú, àwọn ò lè rántí ojú èèyàn mọ́. Wọ́n wá wo mí, ojú wọn ò ṣú rárá. Wọ́n ní ilé ọkọ ò ṣe é kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n lọ tọ́jú ọkọ mi. Wọ́n mọ̀! Láti ọjọ́ yìí ni wọ́n ti mọ̀, wọ́n sì ń fi ara wọn bò mí. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ń wo ìta, wọ́n ní:

"Ìyàwó, wọ́n ti ta ilé wa ní Ìbàdàn kí Rùká lè rí owó kàwé níbí. Níbí náà, wọ́n ní èmi kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìlú wo wá ni mo jẹ́ ọmọ rẹ̀?"

Sticker yẹn ṣì wà lẹ́yìn àpò awò ojú wọn, wọ́n ti gbìyànjú láti fi èékánná ha á kúrò, kò lọ tán.

Tí mo bá búra, wọ́n máa bi mí bóyá mo mọ̀ pé Ìyá kì í ṣe citizen. Ṣé kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn? Tí mi ò bá sọ ọ́, ṣé mi ò tún purọ́ lórí irọ́? Tí mo bá dákẹ́ pátápátá, ṣé ìyá yìí ló máa ru ẹrù mi wọ bàálù padà sí ibi tí kò ti nílé mọ́? Ọkọ mi ńkọ́? Àwọn ìyá tó kù ńkọ́, tí mo bi ní ìbéèrè kan náà? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbàdúrà. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni interview. Rùká ti ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń kọ èyí, ó tún ti ń pè báyìí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti rí ẹni náà... Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé e, kí ni kí n sọ?